Alága Iná àti Fìtílà Tí Ń Mu Oòrùn

"Kí ni ó ń jẹ?"

"Oòrùn ni, sà."

"Oòrùn nìkan?"

"Ìmọ́lẹ̀ yòówù tó bá bá pàdé, sà. Ṣùgbọ́n oòrùn ló fẹ́ràn jù."

"Kẹrosíìnì ńkọ́?"

"Kò mu ún, sà."

"Òwú?"

"Kò ní òwú, sà."

"Ta ló wá ń tàn án?"

"Kò sí ẹni tó ń tàn án, sà. Bó bá ti yó lọ́sàn-án, tí ilẹ̀ bá ṣú, yóò tàn fúnra rẹ̀."

"Fúnra rẹ̀! Nínú ìlú tí èmi jẹ́ Alága Iná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láìgba àṣẹ?"

"Kò mọ̀ pé wọ́n ń gba àṣẹ, sà."

Ẹni tó ń bèèrè ni Ọ̀gbẹ́ni Sámúẹ́lì Ọláyọdé, Alága Ìgbìmọ̀ Iná ìlú Òkè-Agbọ́n. Ẹni tó ń dáhùn ni Tinúadé, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, tó kàwé jìnnà, tó sì padà wálé wá kọ́ ọmọ àwọn àgbẹ̀ ní ìdí tí oòrùn fi ń là. Àsìkò náà ni àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù bí olú káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí gbogbo ẹni tó ní kóòtù ń wá ohun tí yóò jẹ́ alága lé lórí.

Òkè-Agbọ́n wà láàrin Ìlá àti Ọ̀rà. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yán nígbà tó ń wọ ìlú náà, yóò ti jáde kó tó pa ẹnu dé. Láńtánì mẹ́ta ni gbogbo iná tó wà níkàáwọ́ ìgbìmọ̀ Ọláyọdé. Ọ̀kan wà lójú ọjà, ó ti fọ́. Ọ̀kan wà níwájú gbọ̀ngàn ìlú, ewúrẹ́ ti kàn án ṣubú. Ọ̀kan wà níwájú ilé Alága, òun ló ń tàn. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Nítorí láńtánì kan yìí ni wọ́n ṣe yan akọ̀wé, tí wọ́n yan akápò, tí wọ́n sì ra àga.

Àga ọ̀hún kì í ṣe àga lásán. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan láti Ìgbájọ ló kàn án, àrán pupa ni wọ́n fi bò ó, ìjókòó rẹ̀ sì jin tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ kò ní fẹ́ rántí ọ̀nà ilé. Ọláyọdé ní kí wọ́n gbẹ́ orí kìnnìún sí apá rẹ̀ méjèèjì. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà kò rí kìnnìún rí, ó gbẹ́ ológbò tí inú ń run. Alága kò mọ ìyàtọ̀. Kí ó tó jókòó, Dàda akọ̀wé yóò fi aṣọ funfun nu ìjókòó náà, yóò kígbe pé, "Ìmọ́lẹ̀ dé!" Gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Òkùnkùn, yà lọ́nà!" Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan pẹ́ kó tó dáhùn; wọ́n ní kó padà sẹ́nu ọ̀nà, kó tún wọlé wá.

Inú àga yìí ni Ọláyọdé wà nígbà tí Tinúadé gbé fìtílà rẹ̀ kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó dà bí ewé kókò tí a ká ẹnu rẹ̀ sókè. Abọ́ tánganran funfun ni ó gé tó sì tẹ̀, tí ìṣẹ́po rẹ̀ ń wojú ara wọn. Ó wá po ìyẹ̀fun kan mọ́ fánísì, ìbátan èyí tí wọ́n fi ń kun ọwọ́ aago tó ń tàn lókùnkùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tún aago ṣe ní Ìbàdàn ló fi í ránṣẹ́. Ó kùn ún, ó gbẹ, ó tún un kùn.

"Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, pẹlẹbẹ ni, sà," ni Tinúadé wí. "Ó ń tàn, ṣùgbọ́n bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni. Ìgbà tí mo ká a, tí ara rẹ̀ ń wo ara rẹ̀, ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá ń gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀."

"Ìyẹn ni pé ó ń yin ara rẹ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí fìtílà náà wu Alága.

"Kì í ṣe iná ìwé kíkà, sà. Iná tí ẹsẹ̀ fi ń mọ ọ̀nà ni. Ilé ìgbẹ̀bí ni mo ṣe é fún; mẹ́fà irú rẹ̀ ṣì wà lójú oòrùn nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ẹ mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀, láti yàrá àwọn aboyún dé ilé ìdáná. Afẹ́fẹ́ a máa pa láńtánì mọ́ wọn lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì Jùmọ̀kẹ́ ti yọ aboyún nínú gọ́tà níbẹ̀ rí."

"Ilé ìgbẹ̀bí kẹ̀! Tíṣà, ta ló ń rọbí tó ráyè wo iná?"

"Wọ́n rọra rìn lọ wò ó, sà!" ni Dàda kígbe, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ní lọ́kàn, òun náà kò mọ̀. Ó kàn máa ń kígbe bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti dákẹ́ ni.

Alága na ìka sí fìtílà náà, ó fà á padà. Ẹ bá mi wo ìyọnu ọkùnrin yìí. Láti ọjọ́ tó ti di Alága Iná, òun ló ń tan iná. Bí wọ́n bá fẹ́ tan láńtánì kan ṣoṣo yẹn nírọ̀lẹ́, wọn yóò gbé àga síta, yóò jókòó, wọn yóò fi ìṣáná lé e lọ́wọ́ lórí àwo, yóò ṣá a, wọn yóò pàtẹ́wọ́. Fìtílà tí kò fẹ́ ìṣáná, kí ni yóò ṣe sí i? Ṣé kó máa kí i ni?

Ó fọwọ́ lérí, ó ronú. Dàda náà fọwọ́ lérí. Lójijì, Alága dìde.

"Dàda, báwo ni wọ́n ṣe ń mú ìyàwó wọlé ọkọ?"

"Wọn a da aṣọ bò ó lórí, sà."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí wọn yóò fi ṣí i lójú nílé ọkọ, sà."

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń bò ó?"

"Kí ojú ọlọ́jà má baà jẹ ẹ́ tán ṣáájú olówó orí rẹ̀, sà."

"Ó parí!" Alága na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ súre. "A ó da àrán bo fìtílà wọ̀nyí láti òní lọ. Ojú kankan kò gbọdọ̀ rí wọn. Lọ́jọ́ tí mo bá dá, níwájú àwọn àlejò láti Ìlá, láti Ọ̀rà, láti Ìgbájọ, ọwọ́ mi yìí ni yóò ṣí wọn lójú."

Ọ̀rọ̀ náà dé bá Tinúadé bí omi tútù. "Sà, bí ẹ bá bò wọ́n, ebi ni yóò pa wọ́n."

"Láti ìgbà wo ni wọ́n ti wà lójú oòrùn nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ rẹ?"

"Ó tó oṣù kan, sà."

"Oṣù kan! Àgbẹ̀ iṣu ni bàbá mi, Tíṣà. Bí a bá ti kó iṣu sínú àká, a óò máa jẹ ẹ́ lọ ni títí òjò yóò fi dé. Ohun tó jẹun fún oṣù kan, kò ní lè fara da ọjọ́ mélòó kan nínú yàrá mi?"

"Kì í ṣe àká, sà. Ajere ni. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ lónìí, alẹ́ òní náà ló ń jò jáde."

"Ẹ gbọ́ o!" Dàda fò sókè. "Ó pe fìtílà Alága ní ajere!"

Títí di àkókò yẹn, fìtílà Tíṣà ni. Láti orí igbe Dàda ni ó ti di fìtílà Alága. Báyìí ni nǹkan ṣe ń yí ọwọ́ padà ní ọ́fíìsì, ẹ̀yin ará, láìsí pé ẹnikẹ́ni jí i. Méje ni Tinúadé ṣe. Méjèèje ni wọ́n kó lọ sílé Ọláyọdé, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, tí wọ́n sì da àrán bò bí ìyàwó méje.

*

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀, Dàda dá a lábàá pé kí wọ́n fi Ọláyọdé jẹ alága títí ayé.

"Ayé ta ni?" ni Bàbá Fádípẹ̀ bèèrè láti igun.

Àgbẹ̀ obì ni Bàbá Fádípẹ̀, òun ló dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀. Ojú rẹ̀ ti funfun láti ọjọ́ pípẹ́, kò mọ̀ bí ẹnìkan bá kọjá níwájú rẹ̀ àfi tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Etí rẹ̀ ló kù, ó sì ń lò ó bí ẹni ń lo àdá tuntun.

"Sámúẹ́lì," ni ó wí. Nínú gbogbo ìlú, òun nìkan ló kù tó ń pe Alága ní orúkọ. "Mo gbọ́ pé o ní fìtílà tí ń mu oòrùn."

"Mo ní in, Bàbá. Láti inú ọpọlọ mi ni ó ti jáde."

"Mo gbọ́ pé ọwọ́ ọmọ Tíṣà ló ti jáde. Kò burú, ọ̀nà ọpọlọ rẹ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ ká dá a báyìí. Bí fìtílà bá tàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i lójú, kí Sámúẹ́lì máa gbé àga lọ sílé, kó jókòó sí i títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Bí kò bá tàn nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, kí àga náà lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Mo gbọ́ pé orí àpótí ọṣẹ ni àwọn aboyún ń jókòó sí."

Àwọn ìgbìmọ̀ gbà. Ọláyọdé náà gbà, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ di orí ológbò méjèèjì mú ṣinṣin.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Ó ní lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé iná wá sí gbọ̀ngàn, ìbáà ṣe láńtánì, ìbáà ṣe ìṣáná, kí ìmọ́lẹ̀ òun má baà ní orogún. Ó ní kí àwọn ọmọdé má ṣe kó tanátaná wọ ìlú ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ó wo ojú ọ̀run, ó bèèrè lọ́wọ́ Dàda bóyá òṣùpá yóò yọ.

"A ó kọ̀wé sí i, sà," ni Dàda wí.

Bernice ìyàwó rẹ̀ nìkan ni àṣẹ kì í wọ̀ létí. Òun ló ń darí akọrin obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sì ti mọ̀ láti ibẹ̀ pé ẹni tí ohùn rẹ̀ ń pariwo jù kì í sábà mọ orin.

"Bàbá Dúpẹ́, kí ló wà nínú yàrá tí ẹ tì pa?"

"Ọjọ́ ọ̀la Òkè-Agbọ́n ni."

"Ṣé ọjọ́ ọ̀la kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ni? Ẹ̀wà mi wà níbẹ̀."

"Ẹ̀wà yóò dúró."

"Tíṣà yà síbí lánàá. Ó ní kí n bẹ̀ yín kí ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, kí oòrùn kàn wọ́n."

"Tíṣà fẹ́ ká tú aṣọ ìyàwó lójú títì ni?"

"Ìyàwó tí ẹ kò fún lóńjẹ láti ọjọ́ mẹ́rin, bí ẹ bá ṣí i lójú, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Kó jó?"

"Bernice!"

"Mo ti dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gbé láńtánì kékeré kan sábẹ́ ìborùn mi lọ́jọ́ náà."

"Láńtánì! Ìyàwó Alága Iná yóò gbé láńtánì wá síbi ìmọ́lẹ̀! Ilé ni kí o jókòó."

"Ó dáa. Èmi àti láńtánì mi yóò jókòó sílé."

*

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Àlejò pàtàkì láti Ìlá jókòó níwájú, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Lórí pèpéle, fìtílà méje wà lórí tábìlì lábẹ́ àrán, àga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Dàda wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, Ọláyọdé sì wà níbi gbogbo. Lẹ́yìn pátápátá ni Tinúadé àti Nọ́ọ̀sì Jùmọ̀kẹ́ dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Oòrùn ṣì wà nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dun Tinúadé. Ìmọ́lẹ̀ rere ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń tàn sára àrán, kò rí ọ̀nà wọ inú.

"Ẹ̀yin ọmọ òkùnkùn àná!" ni Alága bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ ìmọ́lẹ̀ ọ̀la! Ní àtètèkọ́ṣe, Ọlọ́run ní kí ìmọ́lẹ̀ kí ó wà, ìmọ́lẹ̀ sì wà. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbìmọ̀ nígbà náà!"

"Kò sí!" ni Dàda wí.

"Ta ni yóò bójú tó o?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

"Ìlú òyìnbó ní iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n wọ́n fi wáyà dè é mọ́gi bí ewúrẹ́ olè! Tiwa kò ní wáyà. Tiwa wà lómìnira!"

Tinúadé gbé ohùn sókè láti ẹ̀yìn. "Sà, ẹ jọ̀wọ́, oòrùn ń lọ o. Ẹ bá wa ṣí i báyìí, kó lè rí díẹ̀ pọ́n lá."

"Pa ẹnu mọ́ níbẹ̀!" ni Dàda wí. "Alága kò tíì dé ibi ìbí rẹ̀."

Òótọ́ ni, kò tíì dé e. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lórí ìbí bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó dé orí ìbí tirẹ̀, oòrùn ti jókòó sórí òkè. Nígbà tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́, oòrùn ti wọ ilé. Nígbà tí ó gba ìwé ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni kò rí ojú ẹnìkejì mọ́. Alága yọ̀. Ohun tí ó ń dúró dè nìyẹn.

"Dàda!"

"Ìmọ́lẹ̀ dé!"

"Òkùnkùn, yà lọ́nà!" ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn.

Alága fa àrán. Gbogbo ènìyàn mú èémí dání.

Òkùnkùn kò yà. Ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó gba àga, ó jókòó.

"Dàda."

"Sà."

"Ṣé mo ti ṣí i?"

"Ẹ ti ṣí i, sà. Aṣọ náà wà lórí mi."

"Hẹn-ẹ́n." Alága wú ikọ́. "Ẹ̀yin ará ìlú, kí lẹ rí?"

Kò sí ẹni tó dáhùn. Dàda kò lè fara dà á. Ìdákẹ́jẹ́ kì í bá a lára mu. "A rí i o!" ni ó kígbe, ó sì ń bọ̀ wá síwájú. "Ó mọ́lẹ̀ kedere! Mo rí gbogbo igun, mo rí gbogbo..."

Gbàgà! Pèpéle ti tán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n rà fún àlejò ni ó balẹ̀ sí. Ìgò ń dún lọ títí dé ẹnu ọ̀nà.

"Kí ló tún rí níbẹ̀?" ni ẹnìkan bèèrè láti àárín èrò.

Ẹ̀rín fẹ́ bẹ́. Ìgbà náà gan-an ni iná kan tàn lórí pèpéle, kékeré, àwọ̀ ewé, ó ń ṣẹ́jú.

"Ó tàn!"

"Níbo?"

"Ẹ wò ó lókè! Ó tàn o!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Ọláyọdé kò rí iná náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ àtẹ́wọ́, ìyẹn sì ti ń tó o láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba. Iná náà kúrò lórí fìlà, ó fò yí ká lẹ́ẹ̀kan, ó gba ojú fèrèsé jáde.

"Tanátaná ni!"

"Ó ti lọ."

"Ọ̀nà Ọ̀rà ló gbà. Ọ̀rà ti gba iná wa lọ!"

Ẹ̀rín wá bẹ́ ní tòótọ́. Alága gbé ohùn sókè bo ẹ̀rín náà. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ńlá kì í kánjú. Ó ní ọmọ tó bá yára rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ a wọ́. Ó ń gbọ́ tí bẹ́ǹṣì ń dún, ó rò pé wọ́n ń sún mọ́ òun ni. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń yọ́ rìn, ó rò pé wọ́n ń ṣe jẹ́jẹ́ nítorí ọ̀wọ̀. Ẹ̀rín dákẹ́. Ikọ́ dákẹ́. Ó wí fún ara rẹ̀ pé, "Wọ́n ti ń gbọ́ mi báyìí."

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" ni ó bèèrè.

"Mo ń gbọ́ ẹ," ni ohùn kan wí.

Inú rẹ̀ dùn, ó tún sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣèlérí fìtílà fún gbogbo ilé. Ó ṣèlérí fún àwọn tó wà lóko. "Ta ló fara mọ́ mi?"

"Èmi fara mọ́ kí o jókòó," ni ohùn náà wí. "Sámúẹ́lì, ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni?"

Ẹnu ọ̀nà mọ́lẹ̀. Bernice wọlé pẹ̀lú láńtánì. "Bàbá Dúpẹ́, oúnjẹ yín ti tutù. Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ìgbà náà ni Ọláyọdé rí gbọ̀ngàn. Bẹ́ǹṣì ni ó rí, lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n wojú rẹ̀, ó wojú wọn. Àlejò Ìlá ti lọ. Dàda ti lọ. Bàbá Fádípẹ̀ nìkan ló jókòó sí igun rẹ̀, ó ń jẹ obì.

"Bàbá, ẹ̀yin kò bá wọn lọ?"

"Wọ́n ní òkùnkùn ṣú ni wọ́n ṣe ń lọ. Èmi kò rí ìyàtọ̀."

Ọláyọdé jókòó wọ̀ọ̀ sínú àga. Fìlà rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí ó ti tẹrí ba, Bernice bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó gbé láńtánì sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà àkọ́kọ́ gan-an, ó wọ abẹ́ pèpéle, ó ń táràrà. Ó pẹ́ kó tó rí i. Nígbà tí ó rí i, ó gbọn eruku rẹ̀, ó mú láńtánì rẹ̀, ó ní òun yóò dúró níta.

Iná bá a jáde. Òkùnkùn padà wá. Ọláyọdé fẹ́ dìde, ojú rẹ̀ sì lọ sí ara tábìlì.

Fìtílà náà ń tàn.

Kò pariwo. Ìmọ́lẹ̀ tútù kan, bí àwọ̀ ewé tuntun, ń rọra tú jáde láti inú ìṣẹ́po rẹ̀. Díẹ̀ tí ó rí lá lára láńtánì Bernice ni ó ń san padà. Àwọn mẹ́fà tó kù ṣókùnkùn bí ìkòkò. Ọláyọdé na ọwọ́ rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó rí ìka rẹ̀ márààrún.

"Bàbá! Ó ń tàn! Ó ti jẹun, ó ń tàn! Òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ! Ẹ wò ó!"

"Mo gbọ́," ni Bàbá Fádípẹ̀ wí.

*

Ilẹ̀ mọ́, ìgbìmọ̀ pé. Bí oorun bá ń kọ́ni lọ́gbọ́n, Ọláyọdé ì bá ti gbọ́n, nítorí kò sùn dáadáa, ó rí àyè ronú. Ohun tí ó rò nìyí: nínú gbogbo ìlú, òun nìkan ló rí fìtílà náà tó tàn. Bernice ti jáde. Ẹni kejì tó wà níbẹ̀ kò ríran. Ẹ̀rí wo ló tún kù?

Ó dìde, ó nawọ́ sí Tinúadé.

"Ọmọ yìí tàn wá jẹ! Abọ́ lásán ni ó kùn lọ́dà fún wa! Ìyẹ̀fun tí kò lè tàn bí ìdí ìgò ni! Èmi ha ni yóò pàdánù àga nítorí iṣẹ́ tí kò dára? Ẹ kó àwọn abọ́ náà dà nù!"

"Ẹ fún adìẹ lómi nínú wọn!" ni Dàda wí. Ó fi aṣọ so iwájú orí.

Tinúadé dìde. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ àti ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé àwọn aboyún yẹn, wọ́n fẹ́ fi fún adìẹ lómi. Kí ó tó sọ̀rọ̀, Bàbá Fádípẹ̀ fọ̀pá kan ilẹ̀.

"Sámúẹ́lì, dìde kí n bi ọ́."

"Mo ti wà lóòró, Bàbá."

"Ẹ máa sọ fún mi, n kò rí yín. Lánàá, nígbà tí ìyàwó rẹ jáde, o ní kí n wo nǹkan. Mo ní mo gbọ́. Kí ni mo gbọ́?"

Ọláyọdé wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"N kò rántí, Bàbá."

"Èmi rántí. Mo gbọ́ tí o ní, 'Ó ti jẹun, ó ń tàn, òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ.' Ohùn rẹ dùn nígbà náà, Sámúẹ́lì. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, ìgbà yẹn nìkan ni mo gbọ́ tí o sọ̀rọ̀ tí o kò dárúkọ ara rẹ. Ṣé mo ṣì gbọ́ ni?"

Láti ẹnu ọ̀nà, Bernice wí pé, "Wọn kò ṣì gbọ́. Ìta ni mo wà, mo gbọ́ igbe náà. Mo rò pé ejò bu Bàbá Dúpẹ́ jẹ ni."

Alága la ẹnu. Ó wo Dàda. Dàda ń wo Bàbá Fádípẹ̀ pẹ̀lú ojú ìfẹ́ tuntun.

Wọ́n gbé fìtílà méje síta, wọ́n tò wọ́n sórí odi gbọ̀ngàn lójú oòrùn, láìsí aṣọ, láìsí ọ̀rọ̀ ìwúrí. Àwọn ewúrẹ́ wò wọ́n, wọ́n kọjá. Nírọ̀lẹ́, ìlú péjọ. Ilẹ̀ ṣú. Ẹnikẹ́ni kò kígbe, ẹnikẹ́ni kò fa nǹkan kan. Fìtílà méje tàn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé wọ́n ti ń tàn tipẹ́, tí òkùnkùn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ká mọ̀. Àwọn ènìyàn rí ojú ara wọn nínú rẹ̀. Ìyá arúgbó tí wọ́n dá padà sẹ́nu ọ̀nà níjọ́sí ní, "Hà!" Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ ìṣíde tó wáyé.

Dàda sáré mú aṣọ funfun, ó nu bẹ́ǹṣì Bàbá Fádípẹ̀, ó kígbe pé, "Ìmọ́lẹ̀ dé!"

"Dàda," ni bàbá náà wí, "jókòó. N kò rí nǹkan kan."

Ní ọ̀la rẹ̀, wọ́n gbé àga àrán la ìlú já lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, lójú ọ̀sán gangan. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni. Àga náà ló wúwo, tí wọ́n fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú ilé kọ̀ọ̀kan láti sinmi.

*

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí Ọláyọdé tó gba ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn ń na ẹsẹ̀ ni. Ìrọ̀lẹ́ ni. Àga rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aboyún kan tí ikùn rẹ̀ ti ga jókòó sínú rẹ̀ gbẹdẹmukẹ, ó ń jẹ àgbàdo sísè, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orí ológbò. Ó kí Ọláyọdé, kò dìde. Ọláyọdé mọ̀ pé kò lè dìde. Ta ni kò mọ bí àga yẹn ṣe jin tó?

Ní ẹ̀yìnkùlé, fìtílà méje ṣe ọ̀wọ́ láti yàrá dé ilé ìdáná, wọ́n mọ́ rọ̀rọ̀. Obìnrin kan ń gbé omi gbígbóná lọ lójú ọ̀nà náà, kò wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì Jùmọ̀kẹ́ àti Tinúadé dúró síbẹ̀. Tíṣà ti mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dání, ó ń lọ sílé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. "Màmá Dúpẹ́ ti sọ fún wa pé ẹ ń bọ̀."

"Èmi gan-an kò mọ̀ pé mò ń bọ̀."

"Wọ́n ní ẹ máa ń tètè jí, sà. Láràárọ̀, iṣẹ́ a máa kún wa lọ́wọ́, a kì í ráyè gbé fìtílà lọ síbi tí oòrùn ti ń kọ́kọ́ yọ. A ń wá ẹni tí yóò máa bá wa gbé wọn."

Ọláyọdé wo fìtílà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú èyí tó sún mọ́ ọn, ó ka ìka rẹ̀ bí ó ti kà á níjọ́ yẹn. Ó wú ikọ́.

"Ṣé iṣẹ́ náà ní oyè?"

"Oyè bí i ti kí ni, sà?"

"Kò sí, kò sí. Mo kàn ń rò pé... bí i Alákòóso Oòrùn."

Jùmọ̀kẹ́ fi ìborùn bo ẹnu. Tinúadé ti gun kẹ̀kẹ́, ó ti ń lọ, ó sì tẹ bíréèkì díẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ lè máa jẹ́ ẹ, sà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé wọn síta tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró síwájú wọn. Òjìji yín pọ̀."